Ẹṣin Mélòó Ló Tó Èèyàn Kan?

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí n kò tíì lè gbé korobá omi kan láti ìdí kànga dé ẹ̀yìnkùlé láì da ìdajì rẹ̀ sí ẹsẹ̀ mi, ẹṣin méjì ló ń bá wa gbé nínú ilé ní Muṣin. Mo mọ̀ pé ó lè dà bí àsọdùn létí ẹlòmíràn. Àmọ́ ẹ̀yin tí ẹ dàgbà sí irú àdúgbò wa yóò rántí pé kò sí ojúlé tí kò ní ohun tó ń sìn: ewúrẹ́ ni ti àwọn kan, ẹyẹlé ni ti àwọn mìíràn. Tiwa ni ẹṣin. Ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù tí bàbá mi ti ń tún ẹ́ńjìnnì ọ̀kadà ṣe la máa ń gbà dé ọ̀dọ̀ wọn, tó fi jẹ́ pé òórùn ọ́ìlì àti òórùn ìgbẹ́ ẹṣin ni òórùn ilé wa. Títí di òní, bí mo bá gbọ́ méjèèjì pọ̀, ebi á bẹ̀rẹ̀ sí í pa mí, nítorí pé bí mo bá ti fún wọn lómi ìrọ̀lẹ́ tán ni ìyá mi máa ń gbé dòdò kalẹ̀.

Bàbá tó bí bàbá mi ló ni àwọn ẹṣin náà. Ògbómọ̀ṣọ́ ló ti wá sí Èkó nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀. Bàbá Àgbà ni àwa ń pè é, Bàbá Ẹlẹ́ṣin ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa háyà ẹṣin fún àwọn tí ọmọ wọn fẹ́ ṣe wòlímọ̀. Bí ọmọ bá ti ka Kùránì parí ní ilé kéwú, wọ́n á wọ̀ ọ́ láṣọ funfun, wọ́n á gbé e gun ẹṣin, wọ́n á sì fà á yí àdúgbò ká kí tọmọdé tàgbà lè rí i. N kò lè sọ iye ọmọ tó ti gun ẹṣin Bàbá Àgbà, ṣùgbọ́n n kò mọ ọmọ kan ládùúgbò wa tó gun ẹṣin ẹlòmíràn.

Èyí tó dàgbà nínú wọn funfun, Àlùbáríkà lorúkọ rẹ̀. Oníwà pẹ̀lẹ́ ni, kì í pariwo rárá. Ìkejì pupa bí ilẹ̀ amọ̀, Sùúrù lorúkọ tirẹ̀. Ta ló sọ ọ́ ní Sùúrù, n kò mọ̀. Bóyá àdúrà ni wọ́n fi ṣe. Bí omi bá pẹ́ díẹ̀, á fi pátákò gbá ògiri páànù gbàù gbàù títí àwọn tó wà ní ìta yóò fi máa bi wá pé ta là ń lù. Nígbà kan, mo gbàgbé omi wọn sídìí eré súwẹ̀ tí mo ń fi ẹsẹ̀ kan fò pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ mi. Ìyá mi ní kí n kúnlẹ̀, kí n kọjú sí ògiri, kí n na ọwọ́ méjèèjì sókè. Bí mo ṣe kúnlẹ̀ yẹn ni Sùúrù ń gbá páànù lẹ́yìnkùlé, ó wá dà bíi pé òun gan-an ló ń dá ẹjọ́ mi.

Síbẹ̀, ẹ̀rù àti ìyanu ló máa ń bá mi bí mo bá dúró tì wọ́n. Orí mi kò ga ju ikùn wọn lọ. Èémí wọn gbóná bí ooru ìkòkò tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí. Bí Sùúrù bá tẹ orí wálẹ̀ láti mu omi, mo máa ń rí ara mi nínú ojú rẹ̀, èmi tíntínní pẹ̀lú ọ̀run lẹ́yìn mi. Korobá márùn-ún ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn máa ń mu lójúmọ́. Mo mọ̀ nítorí pé mo kà á. Ọmọ tó máa ń ka nǹkan ni mí.

Lọ́dún kan, nígbà òjò, Bàbá Àgbà yọ̀ ṣubú nínú ilé ẹṣin. A gbé e lọ sí ọsibítù ní Ìdí-Àràbà. Àwọn dókítà ní eegun kankan kò ṣẹ́, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ kó ilẹ̀ mọ́, kò sì gbọdọ̀ gbé ohun tó wúwo. Nígbà tó padà sílé, Àǹtí Sìdí, àbúrò bàbá mi obìnrin tó ń ta ike ní Ọ̀yìngbò, wá bá wa. Lẹ́yìn ìrun Alásàrí, gbogbo wa jókòó sí pálọ̀ Bàbá Àgbà láti pinnu ohun kan ṣoṣo: ẹṣin mélòó ló yẹ kó kù lọ́wọ́ rẹ̀?

Àǹtí Sìdí ní kó má ku ìkankan. Bàbá mi ní rárá, kó ku ẹyọ kan. Ó ṣàlàyé rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣàlàyé ẹ́ńjìnnì fún àwọn oníbàárà rẹ̀: bí a bá dín ẹṣin kù sí ìdajì, omi á dín kù sí ìdajì, koríko náà bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ gbígbá náà bẹ́ẹ̀. Bàbá Àgbà ní méjì ni òun ní, méjì náà ni òun fẹ́.

Àǹtí Sìdí ní, "Ẹ̀yin tí ẹ kò fẹ́ ju ìyàwó kan lọ, Bàbá, tẹṣin ló wá di méjì."

"Ìyá yín ń rí mi bá sọ̀rọ̀," ni Bàbá Àgbà dá a lóhùn. "Ta ni Sùúrù yóò máa bá sọ̀rọ̀?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Bàbá Àgbà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó yíjú sí mi, ó pè mí ní oríkì mi, ó ní, "Àṣàkẹ́, ìwọ lò ń pọnmi. Mélòó?"

N kò tíì sọ ọ̀rọ̀ yìí fún ẹnikẹ́ni rí. Nínú ọkàn mi, mo ṣírò rẹ̀ wéré pé korobá mẹ́wàá yóò di márùn-ún, àyè yóò sì wà fún súwẹ̀. Mo ní, "Ẹyọ kan, Bàbá." Ó mi orí, ó ní ó dáa. Mi ò ní sọ pé ọ̀rọ̀ mi ló yí i lọ́kàn padà, nítorí ọmọdé ni mí, àwọn àgbà méjì sì ti ń bá a fà á tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tèmi, kò bá wọn jiyàn mọ́.

Ọkùnrin kan tó ní ilẹ̀ gbalasa ní Ìkòròdú, tó sì ń sin ẹṣin níbẹ̀, ló ra Àlùbáríkà. Bí ọkọ̀ tó gbé e ṣe ṣí ni Sùúrù yán, ohùn rẹ̀ gba gbogbo àgbàlá. Lọ́jọ́ yẹn, korobá méjì ló mu. Lọ́jọ́ kejì, ẹyọ kan. Lọ́jọ́ kẹta, ó kàn fi ẹnu kan omi náà ni, ó sì yíjú sí ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù tí ìkejì rẹ̀ gbà jáde. Èmi ni mo kọ́kọ́ mọ̀ nítorí pé èmi ni mò ń da omi náà nù. Nígbà tí yóò fi tó ọ̀sẹ̀ kan, èérí bàbà tí a gbé síwájú rẹ̀ ti ń bu, egungun ìhà rẹ̀ sì ti ń hàn. Kò gbá páànù mọ́. Mo ti máa ń gbàdúrà tẹ́lẹ̀ pé kó dákẹ́, ìdákẹ́ náà wá ń dẹ́rù bà mí.

Dókítà ẹranko wá, ó ya ẹnu rẹ̀, ó fi ọwọ́ tẹ ikùn rẹ̀, ó ní òun kò rí àìsàn kankan. Bàbá mi fọ ọpọ́n oúnjẹ rẹ̀, ó pààrọ̀ èérí, ó tún pààrọ̀ okùn ọrùn rẹ̀, bí ẹni pé púlọ́ọ̀gì ẹ́ńjìnnì ló bàjẹ́. Bàbá Àgbà kò bá ẹnikẹ́ni wí. Ó kàn máa ń gbé àpótí lọ sẹ́nu ọ̀nà ilé ẹṣin lẹ́yìn ìrun Àsùbáà, á fọwọ́ ti ẹ̀yìn, á sì jókòó síbẹ̀ títí oòrùn yóò fi le. Ó sọ fún mi ní òwúrọ̀ kan pé bí kò bá jẹun, a ó pàdánù rẹ̀ ni.

Àkókò náà ni Àǹtí Sìdí mú àgbò Iléyá wá. Èèkàn tó ṣófo kan ṣoṣo tó wà nílé ni ti Àlùbáríkà, ibẹ̀ ni wọ́n so ó mọ́. Àgbò náà kò tilẹ̀ bèèrè ẹni tó nilé, ó ti orí bọ inú èérí Sùúrù lójú ẹsẹ̀. Nígbà tí mo gbé omi dé ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, korobá àná ti gbẹ. Sùúrù tẹ orí rẹ̀ ńlá yẹn wálẹ̀, imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ẹ̀yìn àgbò náà, ó sì ń mí sí i lára díẹ̀díẹ̀. Àwọn méjèèjì ń jẹ èérí kan náà.

Mo rò pé ó lè jẹ́ pé ara rẹ̀ kàn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yá ni. Nítorí náà, mo fa àgbò náà lọ síwájú ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án, mo sì padà wá wò ó. Sùúrù ti fi oúnjẹ sílẹ̀, ó ti ń yán. Mo dá àgbò padà, ó tún jẹun. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i lọ́jọ́ kejì kí ó lè dá mi lójú, bákan náà ló rí. Mo dúró níbẹ̀, ọwọ́ mi lórí okùn àgbò. Ẹranko tó lè fi pátákò kan ṣoṣo wó ògiri páànù wa, kò lè dá jẹun.

Inú bàbá mi dùn. Ó ní ẹ ò rí i pé ìṣirò òun tọ̀nà, ẹṣin kan ti tó, àgbò ló kù kí a fi tì í. Ṣùgbọ́n gbogbo wa la mọ ohun tí àgbò náà wà fún, Iléyá sì ti kù díẹ̀. Bàbá mi ní bí a bá ti pa á tán, a ó ra òmíràn. Àǹtí Sìdí bi í bóyá bí a ó ṣe máa ṣe é lọ́dọọdún nìyẹn, kí ẹṣin máa sunkún àgbò. Wọ́n ń fà á títí.

Nígbà tó ku ọjọ́ méjì kí Iléyá pé, Bàbá Àgbà wọ agbádá, ó ní kí bàbá mi lọ pe ọkọ̀ akẹ́rù wá. Bàbá mi bèèrè pé níbo là ń lọ. Ó ní Ìkòròdú. Ó wá sọ ọ̀rọ̀ tí mo lè kà lórí títí di òní:

"Ẹ bi mí pé mélòó ló tó mi, èmi náà sì jókòó, mo ń dá yín lóhùn. Ìbéèrè náà kò tọ́ sí mi. Agbára mi gbé ẹyọ kan. Sùúrù ni kò lè jẹ́ ẹyọ kan."

A gbé Sùúrù sínú ọkọ̀, Bàbá Àgbà sì mú èmi náà dání. Ọkọ̀ kò tíì dúró ní Ìkòròdú tí Sùúrù fi gbé orí sókè, tó na etí, tó sì yán. Ohùn kan dá a lóhùn láti ẹ̀yìn àwọn igi ọ̀pẹ. Àlùbáríkà ni. Gbogbo ìgbà tó fi wà ní Muṣin, n kò gbọ́ ohùn rẹ̀ rí. Bàbá Àgbà ní kí wọ́n sọ Sùúrù kalẹ̀, ó bọ́ ìjánu lẹ́nu rẹ̀ fúnra rẹ̀, ó sì sún sẹ́yìn.

Sùúrù sáré. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí láìbù mọ́ ọn. Láti ìgbà tí mo ti ń pọnmi fún un, n kò mọ̀ pé ó lè sáré. Ní Muṣin, fífà ni a máa ń fà á, ní ìṣísẹ̀-ìṣísẹ̀, láàárín ọ̀kadà àti gọ́tà. Nísinsìnyí ilẹ̀ ń mì lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, irun ọrùn rẹ̀ ń fẹ́, koríko ń là fún un. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Àlùbáríkà, ó dúró lójijì, ó gbé ọrùn lé e lẹ́yìn, wọn kò sì mira mọ́. Bàbá mi ṣí fìlà. Kò sí ẹni tó ní kó ṣí i.

Bàbá Àgbà kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ ọkùnrin ará Ìkòròdú náà. Ó kàn ní, "Ẹ má ṣe yà wọ́n." Bí a ṣe ń bọ̀ wálé, ó gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó ní mo ti bọ́ lọ́wọ́ omi pípọn. Mo sunkún dé Muṣin. Ní ọjọ́ Iléyá, a pa àgbò náà, mo sì jẹ nínú ẹran rẹ̀. N kò ní parọ́, ó dùn.

Bàbá Àgbà ti re ibi àgbà ń rè. Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tún fóònù ṣe ló wà níbi ilé ẹṣin báyìí, ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń ṣe wòlímọ̀ ládùúgbò sì ti ń jókòó sínú ọkọ̀ tí wọ́n fi bàlúùnù aláràbarà ṣe lọ́ṣọ̀ọ́. Yábàá ni èmi ń gbé, nínú yàrá kan. Nígbà tiwa, bí ẹnìkan bá fẹ́ pinnu ohun tí yóò ní, ọmọ á dá sí i, àbúrò á dá sí i, ọmọ-ọmọ tó ń pọnmi pàápàá á sọ tirẹ̀, kódà kó sọ ọ́ ṣì. Lóde òní, oníkálùkù ń pinnu tirẹ̀ lẹ́yìn géètì.

Ọ̀kan nínú irú géètì bẹ́ẹ̀ wà lójú ọ̀nà tí mò ń gbà lọ síbi iṣẹ́. Ẹṣin kan wà nínú rẹ̀, dúdú, tó ń dán, tí wọ́n ń fi háyà fún àwọn tó fẹ́ ya fọ́tò ìgbéyàwó. N kì í bá ẹni tí n kò mọ̀ sọ̀rọ̀. Ó tó oṣù méjì tí mo fi ń kọjá, tí mo ń wò ó, tí mo sì ń sọ fún ara mi pé n kò mọ bó ṣe ń jẹun, pé ó lè ní alábàágbé tí n kò rí. Lóṣù tó kọjá, mo bá ẹni tó ni ín lẹ́nu géètì, mo kí i. Ó rò pé mo fẹ́ háyà ẹṣin ni. Mo ní rárá, ìkejì rẹ̀ ni mò ń bèèrè.

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Àbúrò, ẹyọ kan ti tó mi jàre. Kí ni n ó fi méjì ṣe?"

Mo ní, "Ó tó yín, Ẹ̀gbọ́n. Ṣé ó tó òun náà?"

Ó bojú wẹ̀yìn, ó wo ẹṣin náà. Ó ṣí géètì náà gbayawu, ó ní kí n wọlé wá jókòó.