Orúkọ Tí Eseza Kò Fẹ́ Fi Sílẹ̀

Lọ́jọ́ tí Eseza gba Jésù, aṣọ mẹ́ta ló wọ̀ léra wọn kó tó sọ fún ọkọ rẹ̀. Zaburoni aránṣọ, tó jẹ́ aṣáájú àwọn ẹni ìgbàlà lórí òkè wọn ní Kigezi, ní Uganda, ti kìlọ̀ fún un pé ẹni tó bá fi ọtí sílẹ̀ nílẹ̀ yìí yóò jẹgba. Bàbá tó bí Zaburoni ló fi igi yọ ọ́ léyín iwájú nígbà tí òun náà fi ọtí sílẹ̀.

“Ṣé ẹ lè jìyà, arábìnrin?” ni Zaburoni bi í.

“Mo ti ṣe tán,” ni Eseza wí. Òótọ́ inú rẹ̀ ni.

Ó ti pé ogún ọdún tó ti ń pọn ọtí ọkà bàbà. Ó gbé ìkòkò mẹ́rin jáde, ó dà wọ́n sí kòtò lójú gbogbo ayé, ó dijú, ó ń retí igi.

Igi kò dé. Bagambaki, ọkọ rẹ̀, jáde, ó wo kòtò.

“Gbogbo rẹ̀ lo dà nù, Ìyá Kenyangi?”

“Gbogbo rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ nà mí, ẹ nà mí.”

“Kí ni n ó tìtorí ẹ̀ nà ọ́? Jésù yìí mà ṣàánú mi. Ogún ọdún ni mo fi mu ún kí ilé má bàa dàrú.”

“Kí ló ṣe é?”

“Ó ń rùn bí awọ ewúrẹ́ tí òjò pa.”

Ẹ̀rín sọ lẹ́yìn ọgbà. Àwọn oníbàárà tó máa ń ra ọtí rẹ̀ ló wà níbẹ̀. “Ẹ má bínú, màmá,” ni ọ̀kan wí. “Ilé yín ló sún mọ́ ọ̀nà jù la fi ń mu ún. Ẹsẹ̀ ló máa ń dùn wá.”

Eseza bọ́ aṣọ méjì. Ó ti múra sílẹ̀ de igi. Ẹnikẹ́ni kò kìlọ̀ ẹ̀rín fún un. Ní Ọjọ́rú, ó da ọkà bàbà sínú kòtò kékeré, ó fi eérú bò ó kó lè hù. “Ìkòkò kan péré,” ló wí fún Jésù, “kí wọ́n lè mọ̀ pé mo mọ ọtí í pọn. Lẹ́yìn náà, tìrẹ ni mo jẹ́ pátápátá.” Jésù kò dáhùn. Ó gbà pé kò kọ̀ nìyẹn.

Nígbà tí ọkà fi máa hù, ọjọ́ ìpàdé àwọn ẹni ìgbàlà pé. Níbẹ̀, kálukú a máa dìde sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Eseza ti pinnu láti jókòó jẹ́ẹ́. Àmọ́ Zaburoni dìde, ó ní òun ti ń fi àlàfo eyín òun ṣe fáàrí. Kí Eseza tó mọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti gbé e dìde.

“Ẹ̀yin ará, ọtí ni mo dà nù. Orúkọ ọlọ́tí wà nílé, mo tọ́jú ẹ̀. Ọkà ti hù nínú kòtò mi.”

“Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?” ni Zaburoni bi í.

“Mo fẹ́ kí àwọn tó fi ọtí mi rẹ́rìn-ín tọ́ ọ wò, kójú tì wọ́n.”

“Ẹ fi ṣe obuṣera, ohun mímu ọkà tí kì í pani,” ni Zaburoni wí. “Àwa la máa mu ún.”

Eseza ṣe é, ó ru ú wá sí ìpàdé tó tẹ̀ lé e. Wọ́n mu. Àwọn ẹni ìgbàlà kì í purọ́, nítorí náà òrùlé ni wọ́n ń wò. Bagambaki, tó kàn wá wòran, jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó tẹjú mọ́ ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

“Ẹ sọ ọ́,” ni Eseza wí.

Zaburoni gbé e mì. “Kò dáa, arábìnrin.”

Ó dun Eseza ju ẹgba lọ. Ó gbé tirẹ̀, ó mu ún bí ẹni pé ọwọ́ ẹlòmíràn ló ṣe é. Ó gbé agbè sílẹ̀.

“Lóòótọ́,” ló wí. “Kò dáa.”

Ó yíjú sí Dorika tó jókòó nítòsí. Ọtí Dorika ni gbogbo òkè ń yìn kóun náà tó gba Jésù, ogún ọdún ni Eseza sì fi ń pe ọtí náà ní omi ìfọwọ́.

“Dorika, báwo lo ṣe máa ń ṣe tìẹ?”

Dorika kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Ó sún lórí ẹní, ó fi àyè sílẹ̀ fún un.

“Ọkà rẹ,” ló wí, “ọjọ́ mélòó lo fi sílẹ̀ nínú eérú?”