Ẹnu Ọ̀nà Tí Ìńṣọ́ránsì Dí Pa

Ní Pópó Yemọja, tẹ́ ẹ bá ń wá ẹni tí ìbéèrè kì í tán lẹ́nu ẹ̀, Kúlúsúmù tó ń ránṣọ ni. Tó bá ń wọn ọrùn èèyàn, á tún bi í léèrè ohun tó jẹ láàárọ̀.

Nojeem ọmọ ẹ̀ ló fi ilé wọn sí ìńṣọ́ránsì. Nígbà tí ìjì wá ṣí òrùlé, tí òjò wó ògiri kan lápá kan, kọ́ńpìnnì ní àwọn ò ní san owó, àwọn fúnra àwọn làwọn máa tún un ṣe.

Ògiri yẹn ní ẹnu ọ̀nà kan o, kọ́tìnnì lásán ló wà níbẹ̀. Òdìkejì ni Zulaihat àbúrò Kúlúsúmù ń gbé pẹ̀lú ọkọ. Ẹlẹ́hàá ni, kì í jáde sígboro lọ́sàn-án. Ibẹ̀ nìkan ló ń gbà wá sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ẹ̀. Lọ́jọ́ tí kọ́ńpìnnì wá yẹ ilé wò, Kúlúsúmù ká kọ́tìnnì, ó to àpò aṣọ dí ibẹ̀, kí ọkùnrin àjèjì má baà rí Zulaihat. Nígbà tí bíríkìlà wá kó àpò kúrò, ó rò pé òjò ló dá ihò yẹn. Kí Kúlúsúmù tó ra òwú dé láti Bẹẹrẹ, ó ti fi búlọ́ọ̀kù dí i, ó ti rẹ́ ẹ, ó ń dán.

Wọ́n pe Ọláolúwa, ọ̀gá kọ́ńpìnnì náà. Ó ń fa táì, ó ń fimú sọ̀rọ̀: "Màámi, a tiẹ̀ ṣe yín lóore ni. Ògiri yín ti wá stróńgì."

"Ẹ ṣé o. Ẹ jẹ́ n bi yín: bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lẹ ní ẹ máa ṣe é, àbí bó ṣe wù yín?"

"Bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ ni, mà. Bẹ́ẹ̀ ni àdéhùn wa."

"Báwo ló ṣe wà tẹ́lẹ̀?"

Kí Ọláolúwa tó lanu, ògiri dún: gbì, gbì, gbì!

"Ta nìyẹn?"

"Ẹnu ọ̀nà ni," Kúlúsúmù dá a lóhùn.

Ọláolúwa yí lọ sódìkejì, ó kí wọn ní sàlámù. Mikail ọkọ Zulaihat ní kí ìyàwó òun kọ́kọ́ wọ yàrá, kó tó jẹ́ kó wọlé. Férémù ilẹ̀kùn ṣì dúró níbẹ̀. Ẹsẹ̀ èèyàn ti tẹ ibi àtẹ̀wọlé ẹ̀ títí tó fi jin. Ọláolúwa lóṣòó, ó ń fọwọ́ pa á.

"Ìgbà wo lẹ ti ń gba ibí?"

"Kí wọ́n tó bí mi ni," Mikail fèsì.

Nígbà tó padà, kò fimú sọ̀rọ̀ mọ́. "Màámi, àwa la lánu pé a máa tún un ṣe. Tí ò bá tíì rí bó ṣe wà, ọrùn wa ló ṣì wà." Ó yíjú sí bíríkìlà: "Gbé òòlù."

Búlọ́ọ̀kù àkọ́kọ́ ò tíì balẹ̀ tán tí ohùn kan fi jáde látinú eruku: "Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ kẹ̀yìn síbí!"

Gbogbo wọn kọjú sígboro bí ọmọléèwé tí wọ́n ń fìyà jẹ, Ọláolúwa pẹ̀lú táì ẹ̀. Wọ́n wà bẹ́ẹ̀ títí bíríkìlà fi fọwọ́ ẹ̀yìn yọ ìyókù. Zulaihat tẹrí ba, ó wọlé.

"Ẹ̀gbọ́n mi, gbogbo iyẹ̀pẹ̀ yìí ńkọ́? Ṣé àdéhùn wọn ni pé èmi ni máa gbá a?"