Ta Ló Sọ Wá Ní Aláìní?

Òórùn ẹja yíyan ló máa ń kọ́kọ́ pàdé èèyàn ní Marine Beach, kí ojú tó rí omi rárá. Ìdí ẹja yẹn ni ìyá mi ti rówó rán mi nílé-ìwé títí mo fi di tíṣà l'Ájégúnlẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní kí n bá àwọn kọ ìwé àbá iṣẹ́ tí wọ́n máa fi tọrọ owó lọ́wọ́ àjọ aṣèrànwọ́, kò sí àwáwí. Pákó jẹ́tì tí wọ́n ń gbà sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi ti jẹrà. Aboyún kan nínú wọn ti jábọ́ sómi níbẹ̀, orí ló yọ ọ́. Wọ́n fẹ́ jẹ́tì tuntun kí omi tó gbé ẹnì kan lọ.

Mo kọ ọ́ tọkàntọkàn. Mo ní àwọn ọkọ wọn ló máa kàn án, pákó nìkan ló kù. Mo gbé e lọ sí ọ́fíìsì àjọ aṣèrànwọ́ kan ní Liverpool Road. Ọ̀gá ibẹ̀ ò tilẹ̀ ní kí n jókòó. Ó fi bírò pupa pa "oníṣòwò ẹja" rẹ́, ó kọ "aláìní" sórí rẹ̀. Ó ní kí n yọ ọ̀rọ̀ àwọn ọkọ kúrò, kí n fi àwòrán ọmọ tó ń sunkún sí i.

"Àǹtí, purópósà yìí ò lè mú ẹnikẹ́ni sunkún," ló wí.

Inú bí mi, ó ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí. Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ilé wo ni ọkùnrin yìí wò? Marine Beach ò jìnnà sí i, kò sì débẹ̀ rí.

Mo ka àtúnṣe rẹ̀ sétí àwọn ìyá náà, torí àwọn ni wọ́n ni jẹ́tì, àwọn náà ni wọ́n ni orúkọ. Ẹni tó jábọ́ sómi tòun toyún lọ́jọ́sí ti ń pọn ọmọ náà báyìí. Ó wò mí.

"Tíṣà, ṣé ọmọ mi yìí lẹ fẹ́ kó sunkún, kí wọ́n lè ya fọ́tò rẹ̀?"

Alága wọn, àgbàlagbà tí ohùn rẹ̀ kì í ròkè, ní kí n kọ orúkọ àwọn padà bó ṣe wà. "Ẹja là ń tà," ó ní. "A kì í ta ẹkún."

Mo kọ ọ́ padà. Ọ̀gá náà dá a padà fún mi láìkà á.

Láti ìgbà náà, bí mo bá kọ ìwé àbá fún ẹnikẹ́ni, mo máa ń kà á sókè lójú àwọn tí ìwé náà ń sọ̀rọ̀ nípa wọn. Èyí tí n kò bá lè kà lójú wọn, mo máa ń fà á ya. Pákó jíjẹrà yẹn ṣì wà níbẹ̀. Inú ń bí mi nígbàkígbà tí mo bá rí ìyá mi tó ń rọra tẹ̀ ẹ́, agbọ̀n ẹja lórí. Oníṣòwò ẹja ni ìyá mi. Kò sẹ́ni tó máa sọ ọ́ ní aláìní níṣojú mi.