Pèrègún Ẹ̀yìnkùlé Wa

Bàbá Ẹlẹ́fìnrìn ni ẹni àkọ́kọ́ tó rẹ́ mi jẹ láyé. Bí a ṣe ń pè é nìyẹn. Orúkọ àbísọ rẹ̀ kò tọ́ sí ẹnu mi. Ní àárọ̀ tí mò ń sọ yìí, nígbà tí mo ṣì wà lọ́mọdé, ó lóṣòó sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ní Ayétòrò, ó ń pọ́n àdá lórí òkúta, ṣìn-ìn, ṣìn-ìn. Ìrì ṣì wà lórí koríko. Òórùn ẹ̀fìnrìn tó ti fẹsẹ̀ tẹ̀ gba gbogbo àyíká.

"Ìyàwó mi, wá bá mi di ọ̀pá yìí mú."

Mo sáré lọ. Mo fẹ́ràn rẹ̀ nígbà náà. Òun ló kọ́ mi bí a ti ń gé ọ̀pá igi kí ó lè ta gbòǹgbò, àti bí a ti ń fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ilẹ̀ mọ́ ìdí irúgbìn. Ohun tó kọ́ mi náà ni mo fi mú un.

Kò sí ògiri láàárín ilé rẹ̀ àti ilé wa. Pèrègún ni ààlà. Ibi tí pèrègún bá dúró sí, ibẹ̀ ni ilẹ̀ parí sí. Ẹnikẹ́ni kì í fi okùn wọ̀n ọ́n. Bàbá mi ti kú. Igi ọsàn tó gbìn síbi tí wọ́n ri ìwọ́ mi sí ló kù fún èmi àti ìyá mi.

Lọ́dọọdún, bí òjò bá ti dé, Bàbá Ẹlẹ́fìnrìn a gé ọ̀pá pèrègún, a tì í bọ ilẹ̀ lápá ọ̀dọ̀ wa. Bí tuntun bá ti hu, a fa ti àtijọ́ tu. Nígbà tí ìyá mi fi máa ké sí àwọn àgbà àdúgbò, ọsàn wa ti bọ́ sí ọ̀dọ̀ rẹ̀.

"Pèrègún kì í purọ́, bàbá bàbá wọn ló gbìn ín," ni àgbà kan wí.

"Ẹ wo ìdí rẹ̀, ẹ̀yin bàbá," ni mo pariwo. "Kò nípọn tó ọrùn ọwọ́ mi. Ṣé èyí ni bàbá bàbá wọn gbìn?"

Bàbá Ẹlẹ́fìnrìn rẹ́rìn-ín. "Ìyàwó mi ti gbọ́n ju ọkọ rẹ̀ lọ! Ṣé mo gbé ilẹ̀ pọ̀n ni?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí ìyá mi lọ kọ́ ọmọ rẹ̀ lẹ́kọ̀ọ́ ilé. Ìyá mi kúnlẹ̀, ó tọrọ àforíjì nítorí òótọ́ tí mo sọ. Lọ́jọ́ kejì, Bàbá Ẹlẹ́fìnrìn ká ọsàn náà, ó fi díẹ̀ ránṣẹ́ sí wa. Ìyá mi bó o, ó jẹ ẹ́. Èmi kò fi kan ẹnu, n kò sì tíì jẹ ọsàn di òní.

Mo lọ kàwé nípa ọ̀gbìn, mo sì fi ọgbà títọ́jú jẹun títí mo fi fẹ̀yìn tì. Wọ́n ní ọkàn àwa olùtọ́jú ọgbà a máa tutù. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Mo ti rí àfòmọ́ tó ń mu omi ara igi tó gbà á lálejò, tí ó sì ń yọ òdòdó. Bí mo bá wọ ọgbà ẹnikẹ́ni, ìdí ààlà ni mo ń kọ́kọ́ wò. Màá fi ìka wa ilẹ̀, màá wo bóyá gbòǹgbò bá ọjọ́ orí tí wọ́n pe igi mu. Aládùúgbò tó bá sì bù mí lẹ́fọ̀ọ́, màá máa retí ohun tó ń bọ̀ wá gbà.

Nígbà tí ikú kan Bàbá Ẹlẹ́fìnrìn, ó ránṣẹ́ pè mí. Ìyá mi ti lọ nígbà náà. Kò sí ẹni tí mo lè bi léèrè ọ̀rọ̀ ààlà yẹn mọ́. Mo rò pé àforíjì ló fẹ́ tọrọ. Ó yẹ èékánná mi wò, ó rí erùpẹ̀ níbẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Bàbá, kí ló dé tí ẹ fi ń gbé pèrègún yẹn?"

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wa ìdí ọ̀rọ̀ tó fi dá mi lóhùn, n kò tíì kan gbòǹgbò:

"Ìyàwó mi, mò ń gbé e padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀ ni. Bàbá rẹ ló kọ́kọ́ gbé e."