Aránṣọ Tí Ẹ̀jẹ̀ Ríru Rẹ̀ Kọ̀, Tí Kò Wálẹ̀

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe kò rọrùn láti pè lẹ́nu ìyá mi. Bí ẹnikẹ́ni bá bi wọ́n, wọ́n á ní, "Nọ́ọ̀sì lọmọ mi, ṣùgbọ́n kì í fún èèyàn ní abẹ́rẹ́. Ẹ̀jẹ̀ èèyàn ló máa ń gbà." Wọn ò parọ́. Nọ́ọ̀sì ìwádìí ni mí. Ọ́fíìsì wa wà lẹ́yìn ilé ìwòsàn kan ní Erékùṣù Èkó, téèyàn bá ti Ọ́báléńdé rìn wá, kò pẹ́ rárá. Yàrá méjì péré ni. Fíríìjì kan wà fún ẹ̀jẹ̀, òmíràn wà fún oúnjẹ wa, a sì kọ ọ́ gàdàgbà sára ilẹ̀kùn méjèèjì kí ẹnikẹ́ni má baà ṣì wọ́n mú.

Ẹ̀jẹ̀ ríru là ń wádìí. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ní in tí kò sẹ́ni tó lè tọ́ka sí ìdí kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tó jẹ́ pé nǹkan kan pàtó ló ń ti ẹ̀jẹ̀ wọn sókè. Ó lè jẹ́ kíndìnrín tó ń ṣàìsàn. Ó sì lè jẹ́ ẹran kékeré kan tó jókòó lórí kíndìnrín bíi fìlà, tó ń tú họ́mọ̀nù sínú ẹ̀jẹ̀ kọjá bó ṣe yẹ. Ìránṣẹ́ ni họ́mọ̀nù, ẹ̀yà ara kan ló ń rán an sí èkejì. Ọ̀gá wa, dókítà àgbà tí gbogbo irun wọn ti funfun, gbà pé irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀ pọ̀ láàárín wa ju bí a ṣe rò lọ. "Ẹ ò wá wọn," wọ́n máa ń sọ fún wa, "báwo lẹ ṣe máa rí wọn?"

Àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni aránṣọ náà wọlé. Pópó Àgùdà ni wọ́n bí i sí, nínú ọ̀kan lára àwọn ilé àtijọ́ tí àwọn tó ti Bùràsíìlì padà wá kọ́. Ìsàlẹ̀ ilé bàbá rẹ̀ ló ti ń rán aṣọ iléèwé àti aṣọ funfun àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n Ìta Fàájì lòun àti ọkọ rẹ̀ ń gbé pẹ̀lú ìyá ọkọ. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni. Oògùn mẹ́ta ni wọ́n ti kọ fún un, síbẹ̀ nígbà tí mo wọn ìfúnpá rẹ̀, òkè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó igba, ìsàlẹ̀ jẹ́ àádọ́fà.

"Ẹ̀ ń lo oògùn yín báyìí?" ni mo bi í.

"Mò ń lò ó, mà."

"Lójoojúmọ́?"

"Lójoojúmọ́."

Mo rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo ti gbọ́ ìdáhùn yẹn lẹ́nu èèyàn tó pọ̀. Mo sọ fún un pé oògùn tó wà nínú páálí kì í wo ẹni tó gbé e pamọ́, kó lọ máa lò ó dáadáa, kó dín iyọ̀ kù, kó padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Kò bá mi jiyàn. Ó di tábìlì mú kó tó lè dìde. Mo rí i, mi ò sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ méjì pé, ó gbé agolo bísíkíìtì ńlá kan dání. Ó ṣí i, ó sì da ohun tó wà nínú rẹ̀ sórí tábìlì mi. Ike oògùn tó ti ṣófo ni, wọ́n pọ̀ jàntìrẹrẹ.

"Ẹ kà á, mà," ló wí. "Ohun tí mo ti gbé mì láti oṣù mẹ́fà nìyẹn. Dókítà tí mo kọ́kọ́ rí ní mi ò lo oògùn. Ìyá ọkọ mi ní mi ò lo oògùn. Ẹ̀yin náà sì tún sọ ọ́."

Mo kà á. Ó pé, ọjọ́ kan ò yẹ̀. Mo wá wọn ìfúnpá rẹ̀, bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ náà ló ṣì wà.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi," ni mo sọ.

"Mi ò wá gba ẹ̀bẹ̀, Nọ́ọ̀sì. Ẹ bá mi wá nǹkan tó ń ṣe mí."

Ọjọ́ yẹn ni mo tó béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ bó ṣe yẹ. Ó ní ẹsẹ̀ òun máa ń wúwo débi pé òun ò lè fi tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ pẹ́. Iṣan ẹsẹ̀ máa ń fà á. Ìtọ̀ kì í jẹ́ kó sùn dáadáa. Lọ́jọ́ kan, ó fẹ́ gbé áyọ́ọ̀nù láti fi lọ kọ́là aṣọ, apá rẹ̀ kọ̀, áyọ́ọ̀nù sì jó aṣọ oníbàárà. Àwọn ará ilé ní ìmẹ́lẹ́ ni. Òun alára ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í gbà pé bóyá ìmẹ́lẹ́ ni lóòótọ́.

Mo lọ pe ọ̀gá wa. Wọ́n jókòó tì í, wọ́n gbọ́ gbogbo rẹ̀ láìdá a lẹ́nu. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bi í pé, "Ta ló ti yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò fún pọtásíọ̀mù rí?"

Kò sẹ́nì kankan. Ọ̀kan lára àwọn iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ ni pọtásíọ̀mù. Bí kò bá tó, iṣan ara ò ní lágbára. Mo gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, èsì ti dé: pọtásíọ̀mù rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ gan-an. Ọ̀gá wa na ìwé èsì náà sí mi, ojú wọn ń tàn.

"Ṣé o rí i? Kíndìnrín rẹ̀ ń di iyọ̀ mú, ó ń da pọtásíọ̀mù nù sínú ìtọ̀. Nǹkan kan ló ń pàṣẹ fún un. Jẹ́ ká lọ wá a."

Wíwá a gba sùúrù. A fún un ní oògùn pọtásíọ̀mù. A pààrọ̀ àwọn oògùn tó lè da àyẹ̀wò rú, ó sì ń wá kí n wọn ìfúnpá rẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta kí ewu má baà wọlé. Lẹ́yìn náà, mo gbé kẹ́ẹ̀gì fún un pé kó gba gbogbo ìtọ̀ odidi ọjọ́ kan sínú rẹ̀, kó sì tọ́jú rẹ̀ síbi tó tutù. Nígbà tó gbé e padà wá, ẹ̀rín ò jẹ́ kó lè sọ̀rọ̀.

"Kí ló dé?"

"Ìyá ọkọ mi ni o. Wọ́n ṣí fíríìjì, wọ́n rí kẹ́ẹ̀gì, wọ́n ní àgbo nìyí. Ife ti wà lọ́wọ́ wọn kí n tó sáré wọlé!"

Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Ó ní látìgbà tí òun ti ṣàlàyé fún wọn ni wọ́n ti jókòó ti fíríìjì náà, tí wọn ò jẹ́ kí ọmọ kankan sún mọ́ ọn.

Ọjọ́ tí mo gba ẹ̀jẹ̀ tó ṣe pàtàkì jù, mo ní kó tètè jí, kó má padà dùbúlẹ̀, kó fẹsẹ̀ rìn wá láti Ìta Fàájì, torí pé họ́mọ̀nù yìí máa ń yí padà bí èèyàn bá sùn tàbí tó dìde. Ó jókòó sinmi díẹ̀, mo gba ẹ̀jẹ̀ náà, a sì fi í ránṣẹ́ sí ibi tí wọ́n ti lè wọ̀n ọ́n. Èsì pẹ́ kó tó dé, ṣùgbọ́n nígbà tó dé, kò fì síbì kan. Kíndìnrín ló yẹ kó kọ́kọ́ ránṣẹ́ kí họ́mọ̀nù yìí tó jáde. Ìránṣẹ́ kíndìnrín kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, síbẹ̀ họ́mọ̀nù náà kún bámúbámú. "Ẹnikẹ́ni ò pè é," ni ọ̀gá wa wí, "òun ló ń dá pe ara rẹ̀." Nígbà tí wọ́n ya àwòrán ikùn rẹ̀, ó hàn kedere pé kókó kan wà lórí kíndìnrín òsì, kò ju hóró ẹ̀pà lọ.

Òun, ọkọ rẹ̀ àti ìyá ọkọ ló wá gbọ́ èsì. Ìyá ọkọ ló kọ́kọ́ fọhùn.

"Dókítà, ṣé jẹjẹrẹ ni?"

"Rárá, mà. Kò jọ jẹjẹrẹ rárá."

"Ta ló wá fi síbẹ̀?"

"Kò sẹ́ni tó fi síbẹ̀, Màmá. Ó kàn hù ni. Òun ló ń gbé ẹ̀jẹ̀ wọn ga, òun ló sì ń gba agbára ẹsẹ̀ wọn. Tí a bá yọ ọ́, ara á fúyẹ́."

Ìyá náà wo ìyàwó ọmọ wọn tìtì. Wọ́n ní, "Ọdún méjì ni mo fi ń pè ọ́ ní ọ̀lẹ."

Aránṣọ ò gbójú sókè. Ó fọwọ́ ra ìṣẹ́po bùbá rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. "Màámi," ló wí wẹ́rẹ́, "ẹ jẹ́ ká bá dókítà mú ọjọ́."

Ọkọ rẹ̀ fa kálámù yọ, ó sì kọ ọjọ́ tí dókítà dá sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

Ọjọ́ iṣẹ́ abẹ náà bọ́ sí ọjọ́ ìsinmi mi, síbẹ̀ mo lọ. Èmi àti ìyá ọkọ la jọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Wọ́n ń ka tẹ̀sùbáà wọn, mo sì ń wo ilẹ̀kùn. Nígbà tí oníṣẹ́ abẹ jáde, ó fi kókó náà hàn wá nínú ìgò kékeré. Àwọ̀ ìyeyè ni, ó ń dán. Ìyá náà tẹjú mọ́ ọn pẹ́, wọ́n wá ní, "Èyí náà ló ṣe tó báyìí?"

Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, pọtásíọ̀mù rẹ̀ dúró láìlo oògùn. Ìfúnpá rẹ̀ wá di àádóje lókè, ọgọ́rin ó lé díẹ̀ nísàlẹ̀. Mo tún un wọ̀n pẹ̀lú ẹ̀rọ kejì torí pé ojú mi fẹ́ rí i lẹ́ẹ̀kan sí i. Nínú oògùn mẹ́ta, ẹyọ kan ló kù. Ọ̀gá wa ò parọ́ fún un pé ìyẹn náà máa lọ. Wọ́n ní ọdún tí òpó ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti fi ru ẹrù náà pọ̀ díẹ̀. Ó ní ẹyọ kan ò lè ba òun lẹ́rù.

Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, èèyàn mẹ́fà ló jókòó sórí bẹ́ǹṣì wa kí n tó ṣílẹ̀kùn. Aránṣọ ti ròyìn wa fún gbogbo Pópó Àgùdà. Obìnrin kan níbẹ̀ fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ pé òun ò lo oògùn òun dáadáa, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó. Ẹ̀jẹ̀ àwọn méjì la fi ránṣẹ́ bíi ti aránṣọ. Ti ọkùnrin àgbà kan tó ń kan pósí rí, nígbà tí èsì rẹ̀ dé, a rí i pé kíndìnrín rẹ̀ ló ti ń ṣàárẹ̀ láìmọ̀, ìtọ́jú tirẹ̀ sì máa gùn. Ó bi mí bóyá kò tíì pẹ́ jù. Mo ní kò pẹ́ jù. Mo mú káàdì tuntun, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ gbogbo ohun tó ń sọ fún mi.