Ilẹ̀kùn Kẹrin

Ọmọdé ni bàbá àwọn ọmọ mi nígbà tí wọ́n lé àwọn èèyàn wa kúrò ní Gáná. Ó wà lójúde ilé wọn l'Ógbómọ̀ṣọ́ lọ́jọ́ tí bàbá tirẹ̀ dé, tòun ti ẹrù kan ṣoṣo lórí àti bàtà tí kò bára mu lẹ́sẹ̀. Àwọn aládùúgbò tú jáde wá wòran. Àwọn kan ń káàánú, àwọn kan ń rẹ́rìn-ín sínú. Láti ọjọ́ náà, bàbá yẹn kò fẹ́ jáde lọ́sàn-án mọ́ títí ó fi kú. Ìdí nìyí tí ọkọ mi fi máa ń sọ, nígbàkigbà tí ọ̀rọ̀ ilé bá délẹ̀ ní Bouaké, ìlú tó kọjá Gáná lọ́hùn-ún tí à ń gbé, pé òun ò ní wọ Ògbómọ̀ṣọ́ bí ẹni tí wọ́n lé.

Ẹ wá wo ìgbà tó ń sọ bẹ́ẹ̀. Owó sẹ́fà tí à ń ná níbẹ̀ ti já wálẹ̀, ọjà kò tà. Ẹ̀yà ara alùpùpù là ń tà ní àdúgbò ọjà tí wọ́n ń pè ní Commerce, àwọn iléeṣẹ́ tó wà ní Zone industrielle sì ń dá òṣìṣẹ́ dúró, tó fi jẹ́ pé àwọn oníbàárà wa gan-an ti ń fẹsẹ̀ rìn. Ni wọ́n bá tún bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ta ni ọmọ ilẹ̀, ta ni àlejò. Àwọn ọmọ tí mo bí síbẹ̀, tí wọ́n gbọ́ èdè Baoulé ju Yorùbá lọ, àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn wá ń sọ fún wọn pé kí Anago, bí wọ́n ṣe ń pe àwa Yorùbá, máa lọ sílùú wọn. Ìlú wo? Inú bí mi débi pé mi ò lè jẹun lọ́jọ́ tí àbígbẹ̀yìn mi bi mí ní ìbéèrè yẹn.

Àsìkò náà ni ìyá ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í ránṣẹ́. Arìnrìn-àjò tó bá ti ilé dé ló máa ń jẹ́ iṣẹ́ náà fún wa. Màmá ní kí ọmọ òun máa bọ̀, pé òun ti darúgbó, òun fẹ́ fọwọ́ kàn án. Kò sí ìgbà tí wọ́n ránṣẹ́ tí wọn kì í dárúkọ ọwọ́. Mo rò pé bí àwọn àgbà ṣe ń sọ̀rọ̀ ni. Mo sọ fún ọkọ mi pé ìyá tó bá ń ránṣẹ́ léraléra báyìí, ó mọ ohun tó ń ṣe é. Ó ní òun ti gbọ́, a óò lọ, ṣùgbọ́n mọ́tò wa ńkọ́?

Ẹ́ńjìnì mọ́tò náà le koko. Inú rẹ̀ ló bà jẹ́. Oòrùn ti jẹ gọ́ọ̀mù tó di aṣọ ara ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mú, aṣọ náà wá rọ̀ jọwọlọ bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ arúgbó. A ti ń fara dà á bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kan tí à ń bọ̀ láti ìlú Languibonou, ọlọ́pàá jàǹdámù kan dá wa dúró lójú ọ̀nà. Ó gba ìwé ìgbélùú wa, ó yẹ̀ ẹ́ wò, kò rí àṣìṣe kankan. Ló bá nawọ́ sí aṣọ tó rọ̀ náà, ó bi ọkọ mi pé kí ni Anago fi pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀, ó sì fà á ya. Fóòmù gbígbẹ ló dà sílẹ̀, ìyẹ̀fun lásán. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ká máa lọ. Èmi ni mo ń ṣépè nínú mọ́tò.

"Mi ò ní gbé èyí wọ Ògbómọ̀ṣọ́," ọkọ mi sọ nígbà tí a délé tó pa ẹ́ńjìnì. "Ikú yá ju ẹ̀sín."

A ò lágbára oníṣẹ́ àga mọ́tò, torí náà a pinnu láti ṣe é nílé lábẹ́ igi máńgòrò wa. Ọkọ mi á tú ọwọ́ tí wọ́n fi ń yí gíláàsì, á wá fi ìdí ṣíbí yọ pátákó inú ilẹ̀kùn náà díẹ̀díẹ̀ kó má bàa kán. Èmi á máa ha fóòmù tó ti jẹrà kúrò. Iṣẹ́ ìyà ni. Ó ń lẹ̀ mọ́ni léèékánná, ó ń bá èèyàn wọnú oúnjẹ. A kánjú ní ilẹ̀kùn àkọ́kọ́, a lẹ aṣọ tuntun mọ́ orí ìjẹrà náà, kò pẹ́ tó fi ṣí, a tún un ṣe. Lẹ́yìn ìyẹn la fara balẹ̀. A óò fi gọ́ọ̀mù oníbàtà pa pátákó àti ẹ̀yìn aṣọ, a óò dúró títí kò fi ní lẹ̀ mọ́ ìka mọ́. Òun á di etí kan mú, èmi á di ìkejì, a óò tẹ́ ẹ, n ó sì máa fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ láti àárín lọ sí etí. Èmi ò purọ́, mo gbádùn rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí a ti jọ sún mọ́ra bẹ́ẹ̀. Ọkọ mi á máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí mo bá mọ aṣọ tẹ́ tó báyìí, kí ló dé tí aṣọ bẹ́ẹ̀dì wa fi máa ń hunjọ.

Ilẹ̀kùn mẹ́ta parí, aṣọ sì tán. Nígbà tí a padà sí Commerce, ọkùnrin tó tà á fún wa ti ti ṣọ́ọ̀bù, ó ti kó ẹrù padà sílùú tirẹ̀. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ẹnì kan tún ti Ògbómọ̀ṣọ́ dé. Ó ní Màmá ò fi bẹ́ẹ̀ jẹun mọ́, wọ́n sì ní kí ọmọ wọn yára.

Ojú ẹsẹ̀ ni mo di ẹrù.

"Ẹ jẹ́ ká lọ," mo ní. "Ẹ̀yìn ni ilẹ̀kùn kẹrin wà. N ó jókòó tì í, n ó fi ìborùn mi bò ó. Ta ló máa wò ó?"

"Gbogbo wọn ló máa wò ó," ó dáhùn. "O ò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí bàbá mi dé."

Ó wá aṣọ kiri títí ó fi rí èyí tó jọ ọ́. A lẹ ẹ́, a dúró kó gbẹ. Lẹ́yìn náà la gbéra. Ọ̀nà jìn, eruku pọ̀, gbogbo ibi tí a bá sì ti dúró ni ọkọ mi ti ń nu ara ilẹ̀kùn.

Bí a ṣe yà sí àdúgbò wọn, a rí ẹní lójúde, àwọn àlùfáà jókòó, wọ́n ń ṣàdúrà. Ọkọ mi ti mọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Wọ́n ti sin Màmá. Mùsùlùmí ni wá, a kì í fi òkú pamọ́ de ẹni tó ń bọ̀. Nígbà tí à ń wá aṣọ kiri ni wọ́n kú.

Àbúrò ọkọ mi obìnrin, tó tọ́jú Màmá títí dé òpin, ló sáré pàdé wa. Ó dì mọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sunkún títí, ó wá bi í pé kí ló dá a dúró. Ọkọ mi nawọ́ sí mọ́tò. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn, ohùn rẹ̀ ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Bọ̀dá mi," obìnrin náà ní, "Màmá ò ríran mọ́. Ó ti pẹ́. Wọ́n ní ká má sọ fún yín, kí ọkàn yín má bàa dàrú lókèèrè. Ká ní ẹsẹ̀ lẹ fi rìn wá, wọn ò ní mọ̀."

Ọkọ mi padà sínú mọ́tò, ó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ra. Àwọn aládùúgbò ń wá kí wa. Kò sẹ́ni tó wo aṣọ ara ilẹ̀kùn, kò sì sẹ́ni tó béèrè bóyá wọ́n lé wa.

Ikú yá ju ẹ̀sín, òótọ́ làwọn àgbà sọ. Ṣùgbọ́n ikú ta ni? Mi ò bi ọkọ mi rí, mi ò sì ní bi í. A padà sí Bouaké. Nígbà tí oòrùn tún mú, aṣọ ara ilẹ̀kùn kẹrin ló kọ́kọ́ ṣí. Mo rí ọkọ mi tó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ aṣọ náà padà, ó di í mú díẹ̀, ó wá fi í sílẹ̀. A ò tún un ṣe mọ́.