Òjò Tó Ṣú Lórí Fóònù Mi

Fóònù mi fẹ́ sọ mí di òpùrọ́ lójú Màámi lónìí.

Mo ṣí máàpù ojú ọjọ́, mo rí i tí gbogbo Ifẹ̀ funfun báláú, mo ṣe bí òjò ni.
Mo ní, "Màámi, òjò ti ṣú o."
La bá sáré kó kòkó tá a sá wọlé. A kó o tán, ẹ̀kán kan ò kán sílẹ̀.

Àbúrò mi Bùsọ́lá gba fóònù náà wò.
"Ẹ̀gbọ́n mi, ìkùukùu lẹ ń wò yìí. Ẹ tẹ ibi tí wọ́n kọ òjò sí."

Mo tẹ̀ ẹ́. Ifẹ̀ mọ́ kedere. Apá Ìpetumodù lòjò wà. Mo tẹ atẹ́gùn, mo rí i tó ń gbé òjò ọ̀hún lọ síbòmíì.
Máàpù kan ṣoṣo ló ń ṣe gbogbo ìyẹn. Orí mi wú.

Mo ṣàlàyé fún Màámi. Ó wo fóònù náà títí.
"Èyí tó ṣú lọ́tọ̀, èyí tó ń rọ̀ lọ́tọ̀?"
"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."
"Ẹni tó ṣe é gbọ́ Yorùbá jù ẹ́ lọ. Ó yá, lọ kó kòkó mi padà síta."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń rẹ́rìn-ín, nínú ìkùukùu àti òjò, èwo lẹ̀yin máa ń tẹ̀?